Àwọn Tí Ogun Kò Dá Padà

Ọmọ Ìbà ni mí. Àwórì ni bàbá mi, Àwórì ni ìyá mi. Ogun Hítílà ṣì ń jà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí mi. Láyé ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni à ń fi rìn láti Ìbà dé Ọ̀jọ́ kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ẹni tí ó bá dé Ìyànà Ìbà lónìí, tí ó rí èrò àti dáńfó, kò ní gbà bí a bá ní oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ ni gbogbo ibẹ̀. Títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Àgbádárìgì kò tíì sí. Yunifásítì LASU kò sí, ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bárékè Ọ̀jọ́ pàápàá kò sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sójà ti wọ ilé wa kí bárékè tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Ó kó àgbọn lọ tà ní Èkó, kò padà wá. Nígbà tó yá ni ilé gbọ́ pé ó ti wọ iṣẹ́ sójà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó fi ránṣẹ́, ẹlòmíràn ni ó sì bá a kọ ọ́. Ó ní àwọn ti dé Íńdíà, òjò ibẹ̀ kì í dá, kí wọ́n bá òun kí ìyá òun. Láti ọjọ́ náà, ilé kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ogun parí. Àwọn tí yóò ti Bọ́má dé dé, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n gbé àpótí pákó, àwọn kan ra kẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò dé. Kò sí ẹni tí ó wá sọ pé ó kú. Kò sí ẹni tí ó wá sọ pé ó wà láàyè. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, ìyá àgbà ṣì ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọjọ́ ọdún, ọmọdé kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá kú, a mọ ohun tí ó kàn. Bí ó bá jẹ́ mùsùlùmí, wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a kírun sí i lára, wọn a sin ín lọ́jọ́ náà, fídáù ọjọ́ kẹjọ a tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ onígbàgbọ́, wọn a ṣe àìsùn, wọn a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó a ṣe opó, a sì jáde opó. Wọn a pín ogún. Ẹkún ní ọjọ́ tirẹ̀, jíjẹ àti mímu ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ó kú sí ojú ogun pàápàá. Bí òkú kò bá ṣeé gbé wálé, wọn a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a dì í, ẹnìkan a sì gbé e rìn títí dé ilé. Ohun tí ilé bá rí gbà náà ni ilé yóò sin, pẹ̀lú gbogbo ètò tí ó yẹ odidi ènìyàn. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ń jagun Kírìjì láti ọdún 1877, kò sí tẹlifóònù, kò sí mọ́tò. Síbẹ̀ ológun mọ̀ pé òun jẹ ìyá ẹni tí ó kú ní gbèsè. Mo máa ń rò ó pé ìjọba tí ó ní rédíò, tí ó ní ọkọ̀ òfuurufú, tí ó ní akọ̀wé tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa kọ orúkọ lọ, kò yẹ kí ó ṣe kéré sí ìyẹn.

Ti ẹni tí a kò rí ni kò bọ́ sí ojú ọ̀nà kankan. Bí ẹ bá ṣe òkú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹ fi ẹnu ara yín pa á. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ óò máa wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ babaláwo, babaláwo ní ó wà láàyè. Ó lọ sọ́dọ̀ álífà, álífà ní ó wà láàyè, pé omi ni ó wà láàárín òun àti ilé. Wòlíì náà ní ó wà láàyè. Láti ìgbà náà títí di òní, n kò rí ẹnìkan nínú wọn tí ó lè wo ojú ìyá kó ní ọmọ rẹ̀ ti kú.

Ní ọdún kan, oníṣòwò kan ti Kútọnù dé. Ó ní òun rí ọkùnrin kan nínú ọjà níbẹ̀, ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi gan-an ni, ó ń ta aṣọ, ó ti níyàwó. Àwọn kan nínú agbo ilé ní àkúdàáyà ni. Wọ́n ní ó ti kú sí Bọ́má, ó wá lọ ń gbé ayé mìíràn níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, àti pé bí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án, yóò pòórá. Ìyá àgbà ní bí ó bá jẹ́ àkúdàáyà, kí wọ́n lọ mú un wá, kí ó wá pòórá lójú òun. Bàbá mi lọ sí Kútọnù. Nígbà tí ó dé, kò sọ ju pé kì í ṣe òun lọ, ó wọlé lọ sùn.

Nígbà tí mo di olùkọ́, tí mo ń ka ìwé kiri, ni mo tó mọ bí ogun náà ṣe rí. Àwọn ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà àti Bọ́má tó nǹkan bí 90,000, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Dífísọ̀nù méjì ni, ti 81 àti ti 82. Àwọn ti 81 ni ó gba àfonífojì odò Kaladan sọ̀kalẹ̀, nínú igbó tí mọ́tò kò lè wọ̀. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá ṣubú nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún ọ̀tá, ta ni yóò mọ ibi tí ó wà?

Ojoojúmọ́ ni àwa ará Èkó ń pe orúkọ ilẹ̀ náà. Bárékè Arakan ní Àpápá, Myohaung ní Yábàá, Dodan ní Ìkòyí, títí kan Letmauk tí ó wà ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti jà ní Bọ́má ni gbogbo wọn. Kọ̀ńdọ́ ń pè é, èrò ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá àgbà kú láì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí orúkọ ilẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ sùn sí wà lẹ́nu ọ̀nà bárékè ní Àpápá, níbi tí òun náà ti ń kọjá lọ sí ọjà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí igbó Kaladan gbé mì ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta ní 1942, ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n sì fi í sí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Jàpáánù yọ sí wọn létí odò. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀. Àwọn tí ó lè sá sá, àwọn tí ó kú kú, ó wá ku òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, tí òun náà fara gbọgbẹ́. Ẹ̀yìn àwọn ọ̀tá ni wọ́n wà fún oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn ará abúlé ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó. Lẹ́yìn náà, àgbẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ Shuyiman gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, ó fi wọ́n pamọ́, ó sì mọ̀ pé bí àwọn ará Jàpáánù bá bá wọn níbẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọ ni yóò fi ẹ̀mí dí i. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn sójà Gúrúkà dé abúlé yẹn, tí wọ́n sì yọ wọ́n.

Fadoyebo padà wálé, ó ń tiro. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó fẹ̀yìn tì. Kò gbàgbé Shuyiman. Ní 2011, oníròyìn kan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e dé Bọ́má, ó wá ìdílé Shuyiman títí ó fi rí wọn, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Fadoyebo kú ní oṣù Kọkànlá 2012. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó yẹ kí ó dé kí ó tó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Fún oṣù mẹ́sàn-án, àwọn ọ̀gá ọmọkùnrin yìí kò mọ ibi tí ó wà, ó sì padà wọ ilé bàbá rẹ̀. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹnìkan rí, báwo ni ẹ óò ṣe sọ fún ìyá kan pé kí ó má retí tirẹ̀ mọ́? Nítorí náà ni n kì í bá àwọn tí ń dá ìyá lẹ́bi lọ́wọ́ sí i, àwọn tí ń ní, "Ìyá, ẹ gbà fún Ọlọ́run." Kí ni kí ó gbà? Kò sí ẹni tí ó tíì gbé nǹkan kan fún un.

Gẹ̀ẹ́sì ṣe ohun kan tí mo yìn wọ́n fún. Ní itẹ́ òkú Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Rangoon, wọ́n kọ́ òpó ńláńlá, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tí wọn kò mọ ibojì wọn sí i lára. Orúkọ náà sún mọ́ 27,000, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn. Àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn sójà Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ti kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Kò jáde. A yí i pa dà, a kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe gbọ́ ọ, kò jáde. Mo mọ ohun tí ó fà á. Láyé ìgbà náà, akọ̀wé a kọ ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́, ọ̀pọ̀ sójà ni wọ́n sì fi orúkọ ìlú wọn ṣe orúkọ bàbá fún. Àwọn mìíràn fúnra wọn ni ó mú orúkọ tuntun, kí bàbá wọn má baà wá wọn débẹ̀. Bóyá ó wà lórí òpó yẹn pẹ̀lú orúkọ tí ìyá rẹ̀ kò lè dá mọ̀. Síbẹ̀, ọkàn mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà, torí pé mo mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n ti gbìyànjú.

Nígbà tí ogun abẹ́lé dé ní 1967, àwọn ẹgbẹ́ mi ni ó kàn. Kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo sójà Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí yóò fi parí ní 1970, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ẹni tí ó ń mọlé lánàá ti gbé ìbọn lónìí. Ìwé wo ni yóò bá irú eré bẹ́ẹ̀ sá? Ní oṣù Kẹwàá 1967, Dífísọ̀nù Kejì, tí Murtala Muhammed jẹ́ ọ̀gá wọn, fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Ọya láti Asaba sí Onitsha. Wọ́n lé wọn padà, wọ́n tún lọ, wọ́n tún lé wọn padà. Àwọn tí omi gbé lọ, omi kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1968, ní Abagana, ọ̀wọ́ ọkọ̀ dífísọ̀nù yìí kan náà kó sí pańpẹ́ àwọn ọmọ ogun Bíáfírà, ọkọ̀ epo gbiná, iná ran ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkú tí iná jó báyẹn, kò sí ìyá tí ó lè wá dá a mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé mẹ́fà ní Ọ̀jọ́ wà nínú ogun yẹn. Wọ́n kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé wọn kò rí i. Bàbá rẹ̀ gbé ìwé náà tọ̀ mí wá kí n tú u fún òun. Mo tú u. Ó ní, "Tíṣà, wọn kò rí i, ṣé wọ́n wá a?" N kò ní èsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ará ìhà kejì náà, nítorí pé a jọ ń gbé Òkókómáíkò ni. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Ìgbò, ó ń ta ẹ̀yà ara rédíò ní Alábà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ iṣẹ́ ogun Bíáfírà kò sì padà. Ti wa ṣì ní ọ́fíìsì tí a lè lọ dúró níwájú rẹ̀. Tiwọn kò ní. Ìjọba tí ó gbé ìbọn lé ọmọ wọn lọ́wọ́ ti tú ká ní oṣù Kìíní 1970, kò sí akọ̀wé tí wọ́n lè bi ní ìbéèrè, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí òpó tí a kọ orúkọ sí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún, tí àwọn ológun bá ń yìnbọn ẹ̀yẹ ní pápá Tafawa Balewa, tí wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí máa ń jókòó níwájú ilé mi. Ọjọ́ tí ogun wa parí ni ọjọ́ náà. Ó máa ń bi mí pé ṣé ẹ̀gbọ́n òun wà nínú àwọn tí wọ́n ń yẹ́ sí. Mo máa ń sọ fún un pé lọ́dọ̀ tèmi, ó wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi padà sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀jọ́, bárékè sì ti kún nígbà náà. Ọmọ sójà ni ó pọ̀ ní kíláàsì mi: Yorùbá, Tífì, Ìdọmà, Hausa, Ìgbò, Ìjọ́. Àwọn ìyá wọn mọ̀ pé mo lè kọ lẹ́tà tí ọ́fíìsì yóò kà. Bí wọ́n bá ti mámí mákẹ́ẹ̀tì dé, wọn a yà sọ́dọ̀ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí ìròyìn ṣe ń rìn nínú bárékè. Bí ọ̀gá sójà kan, ajíhìnrere tàbí álífà, àti Magajíyà, olórí àwọn ìyàwó sójà, bá jọ ń rìn bọ̀ ní ọ̀wọ́, gbogbo ilé tí ó wà ní ìlà náà yóò dákẹ́. Olúkúlùkù obìnrin yóò máa gbàdúrà kí wọ́n kọjá ilé òun. Ó burú láti sọ, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n kúkú yà sí tòun.

Kọ́pùrà ni ọkọ obìnrin náà. ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ Monrovia ní Liberia ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1990, ọkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ lẹ́yìn náà. Ó lọ, ó bọ̀. Wọ́n tún kó o lọ, ti Sierra Leone ni ìkejì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ya wọ Freetown, ìjà náà le, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kú síbẹ̀. Láti oṣù náà, obìnrin yìí kò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ dé. Ọ̀kan ní òun rí i lórí afárá tí ìjà ti le. Òmíràn ní wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹlẹ́kẹta kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé àpótí ọkọ náà wá, ó ní kí obìnrin náà bá òun tọ́jú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́nu ń kùn pé ó ti fẹ́ obìnrin síbẹ̀ ni, pé kò fẹ́ wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ikú lọ.

A kọ lẹ́tà. Ọ́fíìsì kan ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ikú wá kí wọ́n tó lè san ohunkóhun. Ọ́fíìsì tí ó yẹ kí ó kọ ìwé ẹ̀rí ikú ní òun kò lè kọ ọ́ láì sí òkú. Owó oṣù dúró. Wọ́n ní kí ó kúrò nínú ilé bárékè, nítorí pé ẹni tí ó ni ilé náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó béèrè pé bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ibo ni ó wà. Wọn kò dá a lóhùn. Àwọn ará ilé ọkọ dé láti ìlú, wọ́n fẹ́ ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ. Ó ní òun kì í ṣe opó. Ó kó ọmọ rẹ̀ jáde, ó gba yàrá kan ní Òkókómáíkò, ó ń se ẹ̀wà tà lẹ́bàá títì. Obìnrin tí kò ní ọkọ, tí kì í ṣe opó, tí kò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn: kí ni òfin pè é?

Òfin ní ohun kan láti sọ, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn mọ̀ ọ́n. Òfin ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011, abala 164, sọ pé bí ọdún méje bá kọjá, tí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbúròó ẹnìkan kò gbúròó rẹ̀, ilé ẹjọ́ lè kà á sí òkú. Òfin ìgbéyàwó ti 1970 náà gba ìyàwó tí ó ṣe ìgbéyàwó kóòtù láyè láti fi ọdún méje yìí kan náà tọ ilé ẹjọ́ lọ. Lọ́yà kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan ni ó bá obìnrin yìí gbé e lọ láì gba kọ́bọ̀. Ó rí ìdájọ́ gbà. Ó fi aṣọ ọkọ rẹ̀ kan sí pósí kékeré, wọ́n sin ín, èmi náà wà níbẹ̀. Ó sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú ní àárọ̀ yẹn.

Kì í ṣe sójà nìkan ni Liberia gbé mì. Àwọn oníròyìn méjì, Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion, lọ kọ ìròyìn ogun náà ní 1990, wọn kò padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n ń béèrè nínú ìwé ìròyìn títí ó fi hàn gbangba pé àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ ibẹ̀, ni ó pa wọ́n. Àwọn tí ó ní ẹgbẹ́ tí ó mọ ìwé kọ rí ìdáhùn. Ìyàwó kọ́pùrà kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ogun àwọn apániláyà tí ó wà ní Bọ̀rnó kò tíì parí. Fóònù ni ó ń gbé ìròyìn wọ bárékè báyìí, ó sì máa ń ṣáájú Magajíyà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 2018, àwọn apániláyà kọlu àwọn sójà ní Metele níbẹ̀. Àwọn ológun ní sójà 23 ni ó kú. Àwọn ìwé ìròyìn ń sọ iye tí ó lé ní 100. Kí ẹnikẹ́ni tó bá àwọn ìyàwó sọ̀rọ̀, fídíò tí àwọn apániláyà ṣe ti ń kiri, obìnrin a máa da fídíò dúró, a máa wo ojú òkú kọ̀ọ̀kan, bóyá ti ọkọ rẹ̀ ni. Ní oṣù Keje 2019, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé wọ́n ń sin òkú sójà ní òru sí ibojì tí kò ní orúkọ ní Maiduguri. Àwọn ológun sẹ́, wọ́n ní wọn kì í sin ènìyàn wọn ní ìkọ̀kọ̀. Bí ó bá rí bí wọ́n ṣe wí, ó rọrùn: kí wọ́n gbé orúkọ jáde. Ìyá tí ó bá rí orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú ìwé, yálà lára àwọn tí ó kú tàbí lára àwọn tí wọn kò rí, kò ní wo fídíò mọ́.

Àjọ Red Cross àgbáyé sọ ní 2022 pé àwọn tí ìdílé wọn ti wá fi orúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sọnù ní Nàìjíríà lé ní 25,000, ogun ìlà-oòrùn àríwá ni ó kó ọ̀pọ̀ jù lọ, ọmọdé sì ju ìdajì wọn lọ. Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fi kún àdéhùn Geneva ní 1977, abala 32 sọ ọ́ kedere pé ìdílé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn wọn. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1988.

Àwọn tí ń sọ pé ó ti pẹ́ jù, mo fẹ́ kí wọ́n wo àwọn ará Argentina. Wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní erékùṣù Falklands ní 1982. Gẹ̀ẹ́sì sin ọ̀pọ̀ sójà Argentina sí itẹ́ òkú Darwin níbẹ̀ láì sí orúkọ lórí ibojì. Argentina àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀tá àtijọ́, fohùn ṣọ̀kan, àjọ Red Cross wá hú ibojì náà ní 2017, wọ́n gba itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ lára ìyá àti àbúrò àwọn sójà náà láti fi wé egungun tí wọ́n rí. Àwọn tí wọ́n ti dá mọ̀ báyìí lé ní 100. Àwọn ìyá arúgbó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan òkúta tí ó ní orúkọ ọmọ wọn, lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 35.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn ní Ọ̀jọ́, Ìbà, Òkókómáíkò, àti níbikíbi, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ wá nọ́ńbà iṣẹ́ sójà náà, èyí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí ó wọṣẹ́, tí NA ń tẹ̀ lé. Ẹ kọ ọ́ sí ibi mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ tí ó fi wọṣẹ́ àti orúkọ ilé rẹ̀ pọ̀. Ẹ tọ́jú fọ́tò, lẹ́tà, àti orúkọ ẹni tí ó rí i gbẹ̀yìn àti ibi tí ó ti rí i. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Red Cross, wọn kì í gba owó. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láàyè, ẹ bi í léèrè gbogbo àmì tí ó wà lára ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó gbàgbé.

Ẹ̀yin ọ̀gá ológun, mi ò bẹ̀ yín fún òpó ńlá. Ìwé ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ kò rí jáde, láti ogun abẹ́lé dé Liberia, dé Sierra Leone, dé Bọ̀rnó, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà bárékè Ọ̀jọ́ àti ti gbogbo bárékè yòókù, kí ẹ sì kà á síta ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. Ẹ ṣe é ní ọdún tí ń bọ̀ yìí. Àwọn ìyá tí ń dúró ti di arúgbó, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan láì gbọ́ nǹkan kan.